Ayò Tó Kù Sílẹ̀ Nílé Bàbá Depité

Ààlọ́ o. Ẹ dá mi lóhùn kí n gbọ́, àbí oorun ti ń kùn yín? Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlọ́ mi gbéra, ó rìn títí, kò yà nílé ìjàpá, kò yà láàfin ọba kankan. Abẹ́ òkúta Ṣábẹ̀ yìí ló gbà kọjá, ó sì lọ bá obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìgbálẹ̀. Samiratou ni orúkọ rẹ̀. Ilé Bàbá Depité ló ń gbá. Ẹ̀yìn ń dùn ún, orúnkún ń dùn ún, ó sì ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó ti ń gbá ilẹ̀ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Bàbá Depité jẹ́, nítorí ẹ̀yin kò bá a láyé. Ọláwálé ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí àwọn Faransé ń palẹ̀ mọ́, tí ilẹ̀ wa fẹ́ máa dá ara rẹ̀ ṣe, ó wà lára àwọn tí wọ́n kó jọ sí Àjàṣẹ́ láti jókòó ṣòfin. Depité ni wọ́n ń pe irú wọn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi kú. Wọ́n fi í ṣe mínísítà, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n tún ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ sú u, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó padà wá sí Ṣábẹ̀, ó gbé àga okùn rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ń ta ayò. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ta á. Ẹni tó bá wá kí i láti Kùtọnú, tó gbé ọ̀rọ̀ ìjọba wá, á kọ́kọ́ ta ọwọ́ kan ná. Tí onítọ̀hún kò bá mọ̀ ọ́n ta, á jókòó wòran títí ọwọ́ Bàbá á fi dilẹ̀.

Bésé ni wọ́n ti bí Samiratou. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí fún un, Rissikatou, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ rìn. Ó gbé ọmọ pọ̀n wá sí ìlú, wọ́n sì ní bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kùtọnú dé ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa gbálẹ̀. Samiratou ní òun á ṣe é títí ọmọ á fi tó ilé ìwé lọ. Ọmọ lọ sílé ìwé, ọmọ kúrò nílé ìwé, ọmọ lọ́kọ, ó padà sí Bésé lọ dá oko kajú, ó bí tiẹ̀. Samiratou ṣì wà nílé Bàbá Depité. Bàbá pàápàá kú, wọ́n sin ín, ọdún mọ́kànlá kọjá lórí rẹ̀, Samiratou ṣì ń gbé yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ó ń gbá eruku tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀.

Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn kúrò lára. Tó bá jí láàárọ̀, á jókòó sẹ́bàá ibùsùn fúngbà díẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Ilé ló fẹ́ lọ. Rissikatou ti kọ́ yàrá sílẹ̀ fún un, ó ti fi páànù tuntun kàn án, ó ti ra ẹní. Ó ní kí ìyá òun wá kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rán oní-zẹmijáàn wá láti Bésé kó gbé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀kadà náà padà lófo.

Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, Rissikatou pè é lórí fóònù. Ó bi í léèrè bóyá ìgbà tí kò bá lè dìde mọ́ ló tó fẹ́ wá.

“Ayò kan wà lọ́wọ́ mi tí kò tíì parí,” ni Samiratou wí.

“Ìyá mi, ta lẹ ń bá ta á? Bàbá yẹn ti kú láti ìjọ́un.”

“Mo mọ̀ pé ó ti kú. Èmi ni mo fọ aṣọ ibùsùn ẹ̀.”

Ọmọ pòṣé. Ìyá gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ má rò pé orí Samiratou dàrú o, orí rẹ̀ pé ju tèmi tiyín lọ. Ayò kan wà lóòótọ́ láàárín òun àti Bàbá, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò lè fi ilé náà sílẹ̀ kó tó parí. Bó ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Kì í ṣe òun ni Bàbá ń bá ta ayò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọkùnrin ìlú ni. Wọ́n á wá lẹ́yìn ìrun alásàrì, wọ́n á jókòó yí ọpọ́n ká, wọ́n á máa bú ara wọn. Bàbá á jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn kan kú, àwọn kan bínú nítorí ìbò, àwọn kan lọ máa bá àwọn ọmọ wọn gbé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan wá débi tí kò ku ẹnì kankan lábẹ́ máńgòrò àfi Bàbá àti ọpọ́n. Ó jókòó wò ó títí, ó wá ké sí Samiratou nílé ìdáná, ó ní kó nu ọwọ́ kó wá jókòó. Samiratou ní òun kò mọ̀ ọ́n ta. Bàbá ní ìka tó lè ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, ó lè ṣa ọmọ ayò.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń jẹ ẹ́. Òpè ni wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá jẹ nídìí ayò, ọ̀ta ni ẹni tó jẹ, ẹ̀yin náà mọ̀. Bàbá sọ ọ́ di orúkọ fún un. Òpè mi, ṣé iyọ̀ ò pọ̀jù nínú ọbẹ̀ yìí? Òpè mi, bá mi wá awò ojú mi. Tó bá ń ronú pẹ́ nídìí ọpọ́n, Bàbá á bi í léèrè bóyá ó ti sùn, àbí ó ń ka iye ewé orí igi. Samiratou náà kì í dákẹ́. Á ní òun ń rọra ṣe ni, nítorí bí òun bá jẹ Bàbá, ebi ni Bàbá á sùn lọ́jọ́ náà, torí ọ̀ta kì í dáná fún òpè. Bàbá á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Lẹ́yìn náà, yóò ka ìwé ìròyìn sí i létí, yóò ti búrẹ́dì bọ kọfí, yóò sì yí rádíò wá. Ìgbádùn ilé náà kò ju èyí lọ.

Òfin kan wà nídìí ọpọ́n náà. Bí oòrùn bá ti kúrò lórí òkúta ńlá ẹ̀yìn ilé, ayò parí. Wọ́n á kó gbogbo ọmọ sínú àpò aṣọ, wọ́n á dojú ọpọ́n bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A kì í fi ọpọ́n sílẹ̀ ní ṣíṣí tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí àwọn tí a kò rí á wá ta tiwọn níbẹ̀, tí wọ́n bá sì bá ọmọ nínú rẹ̀, wọ́n á bá ọ ta á parí, ìwọ kò sì ní mọ ohun tí o pàdánù. Bí ọwọ́ kan kò bá tíì parí, kí olúkúlùkù fi sórí bó ṣe wà, kí wọ́n tò ó padà lójúmọ́. Bàbá Depité ti dé Paríìsì, ó ti ka ìwé tó kún àpótí mẹ́fà, ó ti bá àwọn ọlọ́pàá jiyàn nínú àhámọ́. Kò fi òfin yìí ṣeré rí.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọmọ Bàbá tó wà ní Kùtọnú, Géraldine, ìyá Landry, ní òun fẹ́ ṣí ilé náà kí àwọn èèyàn lè máa wá wò ó. Ó wá olùkọ́ kan tí wọ́n gbé wá sí Ṣábẹ̀ láti Pọ́bẹ̀, Fréjus, ó ní kó bá òun tún un ṣe, kó máa mú àwọn àlejò yíká. Fréjus kì í ṣe ẹni burúkú. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń mọ́, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí Samiratou láàárọ̀, ó sì máa ń bá a pọnmi. Ṣùgbọ́n bébà ló fẹ́ràn. Ó kọ Faransé sórí bébà pélébé-pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan ilé: àga okùn, ọ̀pá ìtìlẹ̀, rádíò, ife kọfí, awò ojú. Samiratou sọ fún un pé òun kò gbọdọ̀ dúró sójú kan pẹ́, kó má baà lẹ bébà mọ́ òun náà níwájú orí.

Ó gbé ọpọ́n ayò sórí tábìlì ní pálọ̀, ó to ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin sí ojú méjèèjìlá, ó lẹ bébà tirẹ̀ mọ́ tábìlì. Ó dára lójú. Ìgbà tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọpọ́n ti dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ wà nínú àpò. Ó rò pé ẹnì kan ló ń tún ilé ṣe. Ó tún un tò. Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó bi Samiratou.

“Èmi ni,” ni Samiratou wí. Kò dáwọ́ gbígbálẹ̀ dúró.

Fréjus rọra ṣàlàyé. Ó ní nílé àwọn ní Pọ́bẹ̀ náà, àwọn àgbà ń sọ bẹ́ẹ̀, òun kò bú wọn. “Ṣùgbọ́n Màmá, èyí kì í ṣe ayò mọ́. Ohun ìrántí ni. Ẹnikẹ́ni ò ní ta á mọ́.”

“Ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lálẹ́?”

Fréjus rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Samiratou kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń bọ̀ lálẹ́ kọ́ ló ń bà á lẹ́rù jù. Gbólóhùn tí olùkọ́ sọ kẹ́yìn ló wọ̀ ọ́ lára, pé ẹnikẹ́ni kò ní ta á mọ́. Bí wọn kò bá ní ta á mọ́, ọwọ́ tó kù sílẹ̀ ńkọ́?

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, Fréjus kó àwọn ọmọ ilé ìwé kan wá láti Ofẹ̀ kó lè fi wọ́n dánra wò, nítorí ìyá Landry ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá. Ó mú wọn yí yàrá ká. Ó fi àga hàn wọ́n, ó sọ ọdún tí wọ́n ṣòfin, ó sọ oṣù tí Bàbá fi wà lẹ́wọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọpọ́n, ó ní ọkùnrin yìí, jákèjádò Ṣábẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ nídìí ayò rí. Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn láyé rẹ̀, ó fi ọmọ kan ṣíwájú, ilẹ̀ ṣú, wọ́n pa ayò mọ́, kò sì jí. Nítorí náà ní ọ̀ta ló kú, kò kú ní òpè.

Ọmọdébìnrin kan tó ní eyín àlàfo yíjú sí Samiratou tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá Bàbá ta á lọ́jọ́ náà. Ṣé òkùnkùn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò fi rí ọmọ ayò mọ́?”

Samiratou bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó lọ gbá ibi tó ti gbá.

Nígbà tí àwọn ọmọ lọ tán, Fréjus ka ọmọ ayò, ọ̀kan kò sí. Ó sáré bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí i nínú ìbọ̀sẹ̀ ẹnì kan. Olùkọ́ padà wọlé, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní láàárọ̀, Màmá ti kó wọn, lọ́sàn-án, àwọn ọmọ ń jí wọn, kí ni òun fẹ́ fi han àwọn èèyàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta? Ó ní kò burú, òun á ra àtè tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò, òun á fi lẹ ọmọ ayò mọ́ ojú ọpọ́n, mẹ́rin-mẹ́rin. Á sì parí síbẹ̀.

Samiratou lọ jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, ó gbọ́wọ́ lé itan. Ó ti gbà pé ó lè pẹ́, pé Rissikatou lè máa bínú, pé orúnkún lè máa dùn. Kò rò ó rí pé ẹnì kan lè mú àtè wá. Ọpọ́n tí wọ́n bá ti lẹ ọmọ mọ́, ta ló tún lè ta á parí? Títí láé ni yóò wà ní ṣíṣí, títí láé ni òun náà yóò sì wà nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Fréjus mú àtè dé nínú ike. Ó bá Samiratou níbi tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé ọpọ́n lé itan, ó gbá a mọ́ra bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Fréjus bẹ̀ ẹ́. Ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní ìyá Landry máa rò pé òun kò ṣiṣẹ́. Ó lóṣòó tì í, ó ní kó kúkú jẹ́ kí òun lẹ ẹ̀gbẹ́ kan.

“Olùkọ́, mi ò bá yín jà,” ni Samiratou wí. “Kò sí agbára ìjà lára mi. Mo kàn jókòó ni.”

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí mọ́tò fi fun fèrè níta. Géraldine ló dé, ó ní òun fẹ́ sinmi lálẹ́ kan kí àwọn àlejò tó dé. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni, ó jọ bàbá rẹ̀ níwájú orí. Ó wọlé, ó rí àtè, ó rí olùkọ́ tó lóṣòó, ó rí Samiratou nílẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fà á ti ẹ̀gbẹ́ kan.

“Tántì, kí ló dé?”

Fréjus fẹ́ ṣàlàyé, Géraldine gbọ́wọ́ sókè pé kó dúró ná. Samiratou wò ó. Ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ṣì ń fi ìsinmi wá wo bàbá rẹ̀, tó máa ń kó ẹrù padà kó tó tú u tán. Ó wá rò ó pé ẹni tó lè jókòó sípò Bàbá, tí òun ti ń dúró dè fún ọdún mọ́kànlá, bóyá òun náà rèé.

“Ìyá Landry,” ó ní, “ilẹ̀ ò tíì ṣú.”

Géraldine kò lóye. Samiratou wá sọ ọ́ tán fún un.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ayò náà kù sílẹ̀, ara Bàbá ti ń wó fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó ní dandan kí wọ́n gbé ọpọ́n jáde. Wọ́n ta á. Nígbà tó ku ọmọ mọ́kànlá lójú ọpọ́n, Bàbá ti jẹ mọ́kàndínlógún, Samiratou ti jẹ méjìdínlógún. Ọwọ́ Bàbá gbọ̀n. Ó kó ọmọ ojú tí kò yẹ kó kó, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ gbayawu, ọ̀kan, méjì, ọ̀kan, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ mẹ́ta ló wà lójú tó parí ẹ̀gbẹ́ Samiratou. Bó bá kó o, tó sì pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ méje. Á di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun náà á di ọ̀ta.

Ó na ọwọ́. Ó wo ojú Bàbá. Bàbá ń wo ọpọ́n, ó ń mí sókè mí sódò, ó ti rí ohun tí òun ṣe. Samiratou kó ọwọ́ rẹ̀ padà.

“Bàbá, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́.”

Oòrùn ṣì wà lórí òkúta, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bàbá gbójú sókè, ó wo òkúta náà, ó wo Samiratou. Ó wá ní kò burú, ká parí ẹ̀ lójúmọ́. Kò pè é ní òpè nígbà tó sọ ọ́. Kí ojúmọ́ tó mọ́, ó ti kú.

“Mo fi òfin ọpọ́n purọ́ fún un,” ni Samiratou wí. “Látìgbà náà, mo ń pa á mọ́ lásìkò, mi ò yẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Kò mú un kúrò lára mi. Mo fẹ́ lọ sílé.”

Fréjus dìde, ó rọra fi ìdérí sórí ike àtè. Géraldine jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kọjú sí Samiratou, ó fa aṣọ rẹ̀ bo orúnkún.

“Ẹ ò bá ti jẹ ẹ́, Tántì,” ó ní. “Bàbá mi ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣàánú òun.”

“Mo mọ̀.”

“Ká ní èmi ni, èmi náà á ní ilẹ̀ ti ṣú.” Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. “Ẹ tò ó.”

Samiratou gbé ọpọ́n sáàárín wọn. Kò ronú, kò kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó to ọmọ mọ́kànlá bó ṣe wà lọ́jọ́ náà, ó yọ àwọn tó kù sí ọ̀tún àti sí òsì, mọ́kàndínlógún fún Bàbá, méjìdínlógún fún òun. Kò mọ̀wé, kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí alẹ́ kan láàárín ọdún mọ́kànlá tí kò to ọpọ́n náà sórí kó tó sùn. Fréjus sún mọ́ ọn. Òógùn àná tún ti ń bọ̀ lójú rẹ̀.

Samiratou kó ọmọ mẹ́ta. Ó sọ ọ̀kan, ó sọ ọ̀kan, ó sọ ọ̀kan. Ó jẹ méjì, ó jẹ mẹ́ta, ó jẹ méjì. Ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì fọwọ́ ti ọpọ́n síwájú díẹ̀, bí ẹni tó jẹun tán tó ti abọ́ síwájú.

“Ọ̀ta,” ni Géraldine wí fún un. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ̀yin ń retí pé kí n ní Samiratou jó, àbí? Kò jó. Ó ní kí wọ́n fa òun dìde, ẹsẹ̀ òun ti kú. Wọ́n fà á dìde, ó jókòó sórí àga okùn Bàbá, lórí bébà Fréjus, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kó kúrò.

Fréjus mú ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí jáde, ó bi Géraldine ohun tí òun máa sọ fún àwọn àlejò báyìí, torí ìwé òun ní kò sẹ́ni tó jẹ Bàbá rí. Géraldine ní kí wọ́n bi ẹni tó jẹ ẹ́. Samiratou ti dijú. Wọ́n rò pé ó ti sùn.

“Ẹ kọ ọ́ pé oòrùn ṣì wà lórí òkúta,” ó ní. “Ẹ kọ ọ́ pé obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló purọ́. Àwọn tó kù, kí wọ́n fúnra wọn rò ó.”

Lẹ́yìn náà ló ní kí olùkọ́ jókòó kí òun kọ́ ọ. Wọ́n ta ọwọ́ kan, ó jẹ Fréjus kí ó tó mọ ibi tí ọ̀nà gbà. Samiratou wò ó, ó sì pè é ní ìwọ fún ìgbà àkọ́kọ́. “Òpè ni ẹ́,” ó ní, “ṣùgbọ́n ìka rẹ gùn, wàá mọ̀ ọ́n.” Fréjus rẹ́rìn-ín músẹ́. Níta, oòrùn ń yọ́ kúrò lórí òkúta. Wọ́n jọ wò ó títí tó fi lọ tán. Samiratou kò dìde.

“Pa á mọ́,” ó ní fún un.

Fréjus kó ọmọ sínú àpò, ó kà wọ́n, méjìdínláàdọ́ta. Ó gbé ọpọ́n lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bi í bóyá ojú rẹ̀ ni kó kọ sí ògiri. Samiratou ní rárá, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti òní lọ, lójoojúmọ́, yálà àlejò wá àbí wọn kò wá, kó má sì yá ju oòrùn lọ. Fréjus dọ̀bálẹ̀ pé òun gbọ́.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àwọn èèyàn ńlá dé nínú mọ́tò mẹ́ta. Samiratou kò sí níbẹ̀. Oní-zẹmijáàn Rissikatou ti gbé e láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti ìkòkò ìdáná kan. Ìgbálẹ̀ ló fi sílẹ̀, ó gbé e ti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Nígbà tó dé Bésé, Rissikatou gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó ní òun ń lọ bomi wá. Kó tó bomi dé, ìyá rẹ̀ ti sùn níjòókòó, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú abọ́. Rissikatou kò jí i. Ó gbá ilẹ̀ yí i ká.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ó ti rẹ òun náà.

Ta ló ta ayò lábẹ́ igi kajú yẹn ní ìrọ̀lẹ́ tó fi ọmọ sílẹ̀ nínú ihò tí ẹ gbẹ́ sílẹ̀? Ẹ lọ kó o. Ẹ kó o tán, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ dí i. Ó tó, ẹ má bi mí ní nǹkan kan mọ́, ẹ wọlé lọ sùn. Ẹ fà mí dìde ná, ẹsẹ̀ mi ti kú.